Mo Fi Ohùn Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi Ṣe Orin Olè

Bí ẹ bá ti gbọ́ orin wa tí à ń pè ní "Omi Pupa", ẹ ó ti gbọ́ ohùn obìnrin àgbà kan tó ń ki oríkì láàárín ariwo. Ẹ̀yin tí ẹ fò sókè nígbà tó kan ibẹ̀, tí ẹ bá wa pariwo "Olè!" lé e lórí, ẹ jókòó. Mo fẹ́ sọ bí ohùn yẹn ṣe dénú orin náà fún yín. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi ni mo lọ jí i.

Raliat ni orúkọ mi. Ọmọ Òṣogbo ni mí. Bàbá mi ń rán fìlà lẹ́yìn Old Garage, títí di òní ló sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Irọ́ ni. Gìtá béèsì ni mò ń ta.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ Ata Wẹẹrẹ. Zulkifli ló ń lu ìlù, Ìwàlẹwà ló ń kọrin, tó tún ń ta gìtá kejì. Orin pọ́ǹkì là ń kọ: gìtá tó ń ké bíi pé wọ́n fún un lọ́rùn, ìlù tó ń sáré, àti ọ̀rọ̀ ìjọba tí ẹlòmíràn kì í sọ sókè. Wọn kì í pè wá síbi ìgbéyàwó.

Ìwàlẹwà lẹ́wà, ó ga, ohùn rẹ̀ sì lè la ògiri. Bí a bá ṣeré tán, gbogbo ènìyàn á yí i ká. "Ìwà, o pa wá o! Ìwà, kò sírú ẹ!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá yíjú sí mi. "Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya fọ́tò."

Èmi ni mo ṣètò orin tí wọ́n torí rẹ̀ làágùn. Mo máa ń ya fọ́tò náà fún wọn. Mo sì máa ń gé orí Ìwàlẹwà kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ ṣe àwo tuntun, Ìwàlẹwà ló mú ọ̀rọ̀ wá. Ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ifẹ̀wàrà ni. Àwọn tó ń wa góòlù ti ya wọ oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Wọ́n hú igi kòkó, wọ́n gbẹ́ kòtò síbẹ̀, wọ́n sì ń fọ yẹ̀pẹ̀ nínú odò títí odò fi pọ́n bí epo. Ìyá rẹ̀, Yèyé Ọláfúnkẹ́, kò lè fi omi náà se ọbẹ̀ mọ́.

Gbogbo ayé ló mọ ẹni tó wà lẹ́yìn àwọn awagóòlù náà. Ọ̀nárébù ni à ń pè é, ọmọ ilé Arógunmásàá n'Íléṣà. Ilé náà gan-an ni wọ́n ti bí Yèyé Ọláfúnkẹ́. Oko ti bàjẹ́, ọkọ ti kú, nítorí náà Yèyé ti ń múra láti padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní yàrá kan níbẹ̀. Ìwàlẹwà sọ fún mi pé kò sí ohun tí ìyá òun ń fẹ́ mọ́ ju kó parí ayé rẹ̀ láàárín àwọn tó mọ oríkì rẹ̀, kí wọ́n sì fi kí i lọ́jọ́ tó bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín.

A ń ṣe àwo náà lọ́dọ̀ Ùsmán, ẹni tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí a máa ń lò l'Óṣogbo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó yọ ẹ̀rọ létí, ó ní, "Orin 'Omi Pupa' yìí dáa, àmọ́ ta lẹ ń bá wí? Ó ń ṣe mí bíi pé ẹ ń bá afẹ́fẹ́ jà."

Zulkifli ní, "Ẹ má dárúkọ o. Tí a bá dárúkọ, àgọ́ ọlọ́pàá la máa sùn."

Mo ní, "A ò ní dárúkọ. Ẹ jẹ́ ká fi oríkì ilé rẹ̀ sí i. Kò sí adájọ́ tó lè sọ pé òun la bú, gbogbo Ìjẹ̀ṣà á sì mọ̀ pé òun ni."

Zulkifli pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa pàtẹ́wọ́ fún mi nínú yàrá yẹn.

Ìwàlẹwà gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀. "Raliat, oríkì yẹn ni wọ́n fi ń kí ìyá mi. Kì í ṣe ti Ọ̀nárébù nìkan. Tó o bá fi oríkì ilé pe ènìyàn lólè, gbogbo ilé lo pè lólè, alààyè àti òkú. Ìyá mi wà níbẹ̀. Èmi gan-an wà níbẹ̀. Má dán an wò."

Kò bínú rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó rọra sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé, lójú Ùsmán, lójú Zulkifli. Zulkifli sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Òótọ́ lo sọ, Ìwà."

Mo ní kò burú. Mo rẹ́rìn-ín. Nínú mi, mo ti pinnu.

Ìwàlẹwà rìnrìn-àjò lọ s'Íbàdàn nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àwo náà kù díẹ̀ kó parí. "Bá wa parí ẹ," ló wí fún mi. "Etí tìẹ ni mo gbọ́kàn lé." Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ s'Íléṣà, mo wọ òmíràn lọ s'Ífẹ̀wàrà, mo gun ọ̀kadà dé abúlé.

Yèyé ń ṣa obì níwájú ilé. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da agbọ̀n nù.

"Raliat! Ọmọ mi! Ìwà ńkọ́? Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, Yèyé. Ẹ̀yin ni mo wá kí."

"Èmi nìkan? Olúwa á kí ìwọ náà. Jókòó. Usu ń bẹ nílé, n óò gún un."

Ó gúnyán fún mi. Omi tó fi sè é, inú kẹ́ẹ̀gì ló ti bù ú, ọ̀nà jíjìn ló sì ti lọ pọn ọ́n. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ ọwọ́, mo wá sọ ohun tí mo bá wá.

"Yèyé, ọjọ́ ìbí Ìwà ti sún mọ́lé. Mo fẹ́ kó jẹ́ ohùn yín ló máa gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ kí i sínú fóònù mi, bí ẹ ṣe máa ń kí i nígbà tó wà ní kékeré."

Ó bo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tú gèlè, ó tún un wé dáadáa, bí ẹni pé fóònù yóò rí òun. "Ṣé ti ulé bàbá rẹ̀ ni kí n fi kí i, àbí ti ulé tiwa?"

"Tiyín ni, Yèyé. Ti Iléṣà."

Ó wá ń kì í.

"Ìwàlẹwà, ọmọ Arógunmásàá,
ọmọ olóbì tí í là á fún àlejò kó tó jẹ tirẹ̀,
ọmọ odò tó mọ́ gaara, tí ọba fi ń bọ́jú..."

Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ kún fún omi bó ṣe ń lọ. Nígbà tó kì í tán, ó ṣàdúrà fún un, ó ní ojú kò ní ti Ìwàlẹwà láyé, ó ní gbogbo ibi tó bá dé, wọn yóò mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di obì lé mi lọ́wọ́ pé kí n fún bàbá mi.

Inú mọ́tò ni mo ti gé ohùn náà. Mo yọ orúkọ Ìwàlẹwà kúrò níwájú. Mo yọ àdúrà kúrò lẹ́yìn. Kò bá ìlù mu.

Zulkifli bi mí lọ́dọ̀ Ùsmán pé, "Ṣé Ìwà mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó ti gbà."

Ó gbà mí gbọ́. A fi ohùn Yèyé sáàárín orin. Bó bá ti ki ẹsẹ kan, ìlù á já lulẹ̀, èmi á sì pariwo: "Olè!" Ohùn mi ni, ẹ lọ tún un gbọ́. Ọmọ olóbì. Olè! Ọmọ odò tó mọ́ gaara. Olè! Ùsmán ní irun ara òun dìde. Èmi náà mọ̀ pé n kò tíì ṣe ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwo náà jáde sórí ayélujára kí Ìwàlẹwà tó kúrò n'Íbàdàn.

Ó pè mí, ẹkún ló ń sun. "Raliat, kí lo ṣe yìí? Ohùn ìyá mi rè é!"

Mo ti múra sílẹ̀. "Yèyé fúnra wọn ló ní kí n lò ó. Mo lọ kí wọn, ni wọ́n bá ní àwọn ti dákẹ́ tó. Wọ́n ní ilé tó ń wo ọmọ rẹ̀ níran tí wọ́n fi ń wú oko rẹ̀, kí n bá àwọn pè é lólè. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ, pé o máa dí àwọn lọ́wọ́."

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìyá mi? Ìyá mi ló láyà bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni. Má pè wọ́n o, Ìwà. Ọ̀nárébù lè ní kí wọ́n máa gbọ́ ohun tí ẹ bá ń sọ lórí fóònù."

Ẹ rí i bó ṣe rọrùn. Kì í ṣe pé ó gbà mí gbọ́ nìkan, inú rẹ̀ tún dùn. Lọ́sẹ̀ yẹn ló lọ sórí rédíò, ó fọ́nnu. "Ìyá tó bí mi ló ki oríkì yẹn. Ọmọ ilé náà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ilé rẹ̀ lólè. Ta ló tún fẹ́ jiyàn?"

Orin náà gbilẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń lò ó ní Old Garage. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń pariwo "Olè!" bí ọkọ̀ ìjọba bá kọjá. Níbi tí a ti ṣeré tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan sá wá bá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ pariwo yẹn? Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò." Ìwàlẹwà ló bá wa yà á. Mo láyọ̀. N kò ní purọ́ fún yín, mo láyọ̀ gan-an.

Ilé Arógunmásàá wá ránṣẹ́ pe Yèyé àti ọmọ rẹ̀.

"Bá wa lọ," ni Ìwàlẹwà wí. "Ìwọ ni ìyá mi fọkàn tán."

Mi ò lè kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá dá pàdé, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ó parí fún mi. Nígbà tí a dé Iléṣà, àwọn obìnrin ilé ti lọ mú Yèyé wá, ó ti jókòó sórí àga gbọọrọ kan nínú àgbàlá. Mo yára, mo jókòó tì í. Ìwàlẹwà wá jókòó sí apá kejì mi. Mo wà láàárín wọn bí ìgànná.

Ọ̀nárébù wọlé. Kò jókòó sórí àga. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin bàbá mi, tó bá jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n bú, mi ò ní wá síbí. Òṣèlú ni mí, èébú kì í pa mí. Àmọ́ bàbá wa tó wà nínú ilẹ̀, kí ló ṣe fún wọn?" Ó nu ojú. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè odò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè oko ẹnikẹ́ni. Orin tí a fi lé e jáde ló gbé e padà sílé.

Olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tó ń mì lọ́wọ́, ní kí wọ́n tan orin náà. Wọ́n tàn án láti inú fóònù. Ohùn Yèyé jáde, tèmi sì tẹ̀ lé e. Olè! Obìnrin àgbà kan di etí rẹ̀ méjèèjì.

"Ọláfúnkẹ́, ṣé ohùn rẹ rè é?"

"Ohùn mi ni, bàbá."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n fi oríkì ulé yìí pe ulé yìí lólè?"

Yèyé yíjú. Ó wo ọmọ rẹ̀ látẹ̀yìn mi. Ìwàlẹwà ń mi orí sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i pé kó má bẹ̀rù, kó sọ ọ́. Èmi tí mo wà láàárín wọn ni mo mọ ohun tí Yèyé rí. Ó rí ọmọ tó ṣẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun.

"Èmi ni," ló wí. "Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọmọ mi kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mi."

Ẹnu mi wà lára mi. N kò yadi.

Bàbá náà dáhùn. "Ó dáa. A ò ní lù ọ́, a ò ní gégùn-ún fún ọ. Àmọ́ oríkì tó o tà, a gbà á lọ́wọ́ rẹ. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni nínú ulé yìí kò gbọdọ̀ kí ọ. Lọ́jọ́ tó o bá kú, a ó wá, a ó dúró, a ò ní kí ọ. Kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní yàrá rẹ̀."

Àwọn obìnrin ilé, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ pọnmi, dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kẹ́yìn sí i. Èyí tó kẹ́yìn sí i gbẹ̀yìn ń sunkún. Yèyé dì mọ́ àga. Ọ̀nárébù dé fìlà rẹ̀.

Nígbà tí a jáde sẹ́bàá ògiri níta, Ìwàlẹwà ti mí kọjá, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. "Yèyé, ẹ mà láyà o! Mo ti ń rò pé ojo ni yín. Ọjọ́ tí Raliat sọ fún mi pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ká lò ó, mo sunkún ayọ̀."

Yèyé tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi? Èmi ní kí ẹ lo kí ni? Ọjọ́ ìbí rẹ ni Raliat ní kí n torí rẹ̀ kí ọ. Mo rò pé ìwọ lo lò ó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má baà lé ọ ni mo ṣe gbà á sọ́rùn."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

Ìwàlẹwà kò gbá mi létí. Ìbá gbá mi, ǹ bá dúpẹ́. "Wọlé padà," ló wí. "Wọn ò tíì tú ká. Wọlé, kó o lọ sọ fún wọn."

"Ìwà, Ọ̀nárébù wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá ló máa ní kó mú mi."

"Raliat, ìyá mi ni."

"Mo mọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ronú sí i..."

Yèyé wá sún mọ́ mi. Obìnrin tó gúnyán fún mi, tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. "Raliat, ọmọ mi, jọ̀ọ́. Wọn ò ní kí mi mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn." Ó sì ń tẹ eékún rẹ̀ wálẹ̀ láti kúnlẹ̀ fún mi.

Ọ̀kadà kan ń bọ̀. Mo dá a dúró, mo gùn ún. N kò wẹ̀yìn.

Nínú mọ́tò tó ń padà s'Óṣogbo, mo yọ fóònù mi jáde. Mo rò ó pé bí ọlọ́pàá bá gba fóònù mi, wọn yóò rí ohùn Yèyé bí mo ṣe gbà á, wọn yóò sì mọ̀ pé èmi ni. Mo pa á rẹ́, tàdúrà tàdúrà. Mo pa nọ́ńbà mi tì, mo ra òmíràn.

Zulkifli ló wá mi kàn nígbà tó yá. Ó ní Ìwàlẹwà padà wọlé lọ́jọ́ náà, ó wólẹ̀, ó ṣàlàyé. Àwọn àgbà ní ṣebí òun náà ló sọ lórí rédíò pé ìyá òun ni. Wọ́n ní ìyá náà sì ti fẹnu ara rẹ̀ gbà á. Wọ́n ní tí Raliat bá ṣe é lóòótọ́, kó mú un padà wá, àwọn yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó wá mi títí dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Mo ní kí bàbá mi sọ pé mo ti lọ s'Ékòó.

Yèyé kú sí abúlé yẹn kó tó di àsìkò obì míì. Wọ́n ní kò ṣàìsàn tó ṣe gúnmọ́. Àwọn ilé Arógunmásàá wá síbi ìsìnkú bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Wọ́n dúró, wọ́n pa ẹnu dé. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé, tí wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, rò pé iyì ni àwọn fẹ́ bù fún ìyá olórin. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè jáde, wọ́n tan "Omi Pupa". Nígbà tó kan oríkì, gbogbo wọn dáhùn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Olè! Lórí pósí rẹ̀. Zulkifli ní Ìwàlẹwà fi eyín já okùn ẹ̀rọ náà.

Zulkifli ló fún un ní nọ́ńbà mi tuntun. Mo retí èpè. Ohun tó kọ sí mi rè é: "Raliat, mi ò bá ẹ jà mọ́. Ohùn ìyá mi tó o gbà lọ́jọ́ yẹn, èyí tí kò sí ariwo nínú rẹ̀, jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́ sí mi. Yèyé ní àwọn ṣàdúrà fún mi níparí ẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí."

Mo kọ ọ́ padà sí i pé n óò wá a.

Olóòtú ìwé ìròyìn yìí ní kí n fi ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kádìí ọ̀rọ̀ mi. Mo rò ó. Ohun tí mo kọ́ ni pé ènìyàn lè ṣe irú èyí kó sì tún máa jẹun, kó máa sùn, kó máa ta gìtá. Ẹ ṣọ́ra fún irú wa. A kì í dà bí ẹni burúkú.

Ìwàlẹwà kì í ka ìwé ìròyìn yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń béèrè bóyá mo ti rí ohùn náà. Àná ló tún béèrè. Mo ní kó ní sùúrù, mo ṣì ń wá a.